Ẹni Tó Ṣí Ibodè Olókùúta

Yúrò méjì ni Oyèníkẹ́ fi lé Akíntáyọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Títí di òní, ojú ṣì máa ń tì í bó bá rántí.

Ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ọmọ Olókùúta ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Wilhelmsburg, ní Hamburg. Òun àti bàbá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin láàárọ̀. Òtútù ń mú gan-an. Ọkùnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba kóòtù lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé, ó ń fi wọ́n kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèníkẹ́ rò pé òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn ni. Ó bọ́ kóòtù tirẹ̀ fún un, ó fi owó náà lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lédè Jámánì, ó ní, "Danke schön."

Ọkùnrin náà wo owó, ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé o, mà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú kan náà ni wá. Akíntáyọ̀ ni mí, ọmọ Ilé Oníbodè."

Oyèníkẹ́ kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé..."

"Ẹ rò pé mo ń ṣiṣẹ́ níbí. Mo ń ṣiṣẹ́ níbí lóòótọ́. Wọn kì í sanwó fún mi ni. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san án."

Onítìjú ni Oyèníkẹ́, ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ó sáré wọlé lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

Ìgbà tó jókòó tán ló tó rí ohun tí kò fiyè sí rí. Akíntáyọ̀ kò jókòó. Bàbá rẹ̀, Bàbá Àbáyọ̀mí, tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, kò jókòó. Ìyá rẹ̀ náà kò jókòó. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe ìpàdé, ìdúró ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ àga òfìfo wà nílẹ̀ tó mẹ́wàá. Nígbà tí oúnjẹ dé, gbogbo èèyàn jẹ tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí wọn. Abọ́ tánganran ni wọ́n bu ti àwọn yòókù sí. Abọ́ páálí ni wọ́n bu tiwọn sí.

Inú ọkọ̀ ojú irin, bí wọ́n ṣe ń padà sí Berlin, ló tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Dádì, kí ló dé tí àwọn ará Ilé Oníbodè kì í jókòó?"

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Adéṣọlá, kò gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. "Àṣà ìlú wa ni."

"Ní Germany níbí?"

"Ibi tí a bá wà ni ìlú wa wà, Níkẹ́." Ó wá ká ìwé ìròyìn náà, nítorí kò sí ohun tí ó fẹ́ràn láti sọ tó ìtàn yìí.

Òkè kan wà nílé, àpáta lásán láti ìsàlẹ̀ dókè. Orí rẹ̀ ni àwọn baba Olókùúta tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n to òkúta lé òkúta, wọ́n fi mọ odi yí ìlú ká, wọn kò fi amọ̀ kankan sí i. Odi náà fẹ̀ débi pé ọkùnrin méjì lè dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, kí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sínú àpáta fún omi òjò. Ibodè kan ṣoṣo ló wà. Ogun dé, ogun lọ, kò sí èyí tó gun òkè náà, àfi ti ìkẹyìn. Lónìí igi ti hù láàárín odi, ewúrẹ́ ń sùn níbi tí ààfin wà, gbogbo ìlú sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè.

"Oníbodè ló tà wá," bàbá rẹ̀ sọ. "Oṣù mẹ́rin ni ogun fi ká wa mọ́, wọn kò rí wa mú. Oníbodè gba ẹṣin méjì lọ́wọ́ ọ̀tá, ó ṣí ibodè fún wọn ní ìdájí. Baba wa, ọba Olókùúta ìgbà náà, fi idà la ọ̀nà jáde, òun ló sì tún ìlú tẹ̀ dó nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, Ilé Oníbodè kì í jókòó níbi tí a bá wà. Ẹnu ọ̀nà ni tiwọn, kí wọ́n máa rántí."

Oyèníkẹ́ gbọ́. Ó ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ ìwé ìtàn Olókùúta. Bàbá a lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, a gba ohùn wọn sórí fóònù, Oyèníkẹ́ a jókòó nínú ilé wọn ní àdúgbò Neukölln lẹ́yìn iṣẹ́ aṣọ rírán, a fi nǹkan sétí, a máa tẹ ohun tó ń gbọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ohùn àwọn àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Kò rò ó rí pé ìtàn tí òun ń tẹ̀ ń gbé ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. "Akíntáyọ̀ ni, ẹni tó gba kóòtù yín. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Mo fẹ́ dá yúrò méjì yín padà. Ṣé ẹ máa wà nílé lọ́jọ́ Sátidé?"

Ọkùnrin yìí wọ ọkọ̀ láti Hamburg dé Berlin nítorí yúrò méjì. Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbé àpótí ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi ni Akíntáyọ̀ ń wà ní èbúté Hamburg. Hamburg ni wọ́n bí i sí, kò tíì fojú kan òkè Olókùúta rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Sùúrù yẹn ni Oyèníkẹ́ fẹ́ràn jù lára rẹ̀, sùúrù yẹn náà ló ń bí i nínú.

"Kí ló dé tó o fi ń dúró síbẹ̀?" ó bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń rìn létí omi.

"Bàbá mi ń dúró síbẹ̀. Bí mo bá jókòó, òun nìkan ló máa dúró."

Oyèníkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Nígbà tí mo wà nílé ìwé," Akíntáyọ̀ ní, "wọ́n kó wa lọ wo ilé odi àtijọ́ kan lórí òkè, àwókù bíi tiwa. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó: ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó sun ún. Gbogbo wa ra ice cream, a padà sílé. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni bàbá bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn nínú wa. Oyè mi, èmi nìkan ni mo ń ronú nípa ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ níyàwó. Oyèníkẹ́ ní òun gbà, kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Àmọ́ ilé gbóná. Alàgbà Adéṣọlá kò pariwo, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni bí inú bá ń bí i. "Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní Germany, Níkẹ́. Nínú gbogbo wọn."

"Kí ló ṣe, Dádì?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ilé rẹ̀ ló ṣe é."

Ìyá rẹ̀ gbìyànjú. "Bàbá Níkẹ́, ọmọ dáadáa ni. Ó níṣẹ́, ó ń bọ̀wọ̀ fúnni."

"Ṣé mo ní kò níṣẹ́ ni? Èmi tí mò ń kọ ìwé ìtàn ìlú, èmi ni màá wá fi ọmọ mi fún Oníbodè?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, Alàgbà ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Kí Bàbá Àbáyọ̀mí wá sí Berlin, kó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, kó tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ibodè. Tó bá ti ṣe é, ó parí, òun gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn.

Akíntáyọ̀ pe Oyèníkẹ́ lórí fóònù. "Bàbá mi ní òun á ṣe é."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ ọ, Níkẹ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n wá nígbà tí bàbá Oyèníkẹ́ gbé ohùn ìkẹyìn fún un láti tẹ̀. Ti Màmá Fàúsátù ni, àbúrò bàbá àgbà rẹ̀ lóbìnrin, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún tó ń gbé ní Wilhelmsburg. "Tó o bá dé ogún ìṣẹ́jú, fò ó sí ọgbọ̀n," bàbá rẹ̀ ní. "Màmá ń ṣarán níbẹ̀."

Oyèníkẹ́ kì í ṣe àìgbọràn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ kò fò ó. Màmá Fàúsátù kò ṣarán rárá. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete.

"Omi ti tán nínú kòtò," ni ìyá arúgbó náà ń wí. "Àwọn ọmọ ti ń kú. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n fi okùn sọ baba wa, Olókùúta, kalẹ̀ lẹ́yìn odi, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Kò jí ìyàwó kan. Ilẹ̀ mọ́, a wá a, a ò rí i. Oníbodè ló jáde lọ bá àwọn ọlọ́gun, òun nìkan, ọwọ́ òfìfo. Ó ní tí wọ́n bá jẹ́ kí àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ, òun á ṣí ibodè. Ó dúró síbẹ̀ títí ọmọ tó kẹ́yìn fi jáde. Bàbá tó bí bàbá mi wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń gbọ́ bí Oníbodè ṣe ń ní kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Nígbà tí baba wa padà dé, ó ní láti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Adéṣọlá, bí kì í bá ṣe ibodè tó ṣí, kò ní sí èmi, kò ní sí ìwọ."

Ohùn ọkùnrin wá wọlé, Oyèníkẹ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ìwọ lo bi mí," Màmá dáhùn. "Tó ò bá fẹ́ gbọ́, kí lo wá béèrè sí?"

Oyèníkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀ mọ̀. Ó mọ̀, ó sì tún ní kí arúgbó wá fojú lélẹ̀ níwájú òun. Àgbàlagbà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé ẹrù ní èbúté, tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, òun ni wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ àwọn tí baba rẹ̀ gbà là. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ó ń rò pé bàbá òun á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ fún un, ló ń wo ojú rẹ̀, ló ń retí. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sọ fún Akíntáyọ̀. Ọjọ́ náà pé.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àgbà ẹgbẹ́ mẹ́ta jókòó ti Alàgbà Adéṣọlá nínú pálọ̀, Akíntáyọ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ní tiwa, wọn kì í pe ọmọbìnrin jáde kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó parí, nítorí náà yàrá ni Oyèníkẹ́ wà, ó gbé etí sára ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí Bàbá Àbáyọ̀mí ṣe ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń mí hẹlẹ. Ó gbọ́ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dárí jì wá," arúgbó náà ní.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe," Alàgbà Adéṣọlá dáhùn. "Kó lè yé gbogbo wa."

"A ṣí ibodè."

"Fún ta ni?"

Oyèníkẹ́ ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó pè é. Gèlè rẹ̀ kò tíì wé tán, ó ń já sí i lójú. Ó gbé fóònù sórí tábìlì láàárín àwọn àgbà, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Màmá Fàúsátù sì kún pálọ̀ náà. Alàgbà na ọwọ́ kó gbé e. Oyèníkẹ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó.

"Ẹ jẹ́ kó parí, Dádì."

Ó parí, títí dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti ní kí Màmá fi ìyẹn sílẹ̀. Bàbá Àbáyọ̀mí ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó máa gbé òun dìde, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀.

Akíntáyọ̀ kò wo bàbá Oyèníkẹ́ rárá. Oyèníkẹ́ ló ń wò. "Ìgbà wo lo ti gbọ́ èyí?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá."

"O wà nínú yàrá yẹn. O jẹ́ kí bàbá mi dé ilẹ̀."

Ó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ìyá Akíntáyọ̀ tẹ̀lé wọn, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Akíntáyọ̀ kò fi gbé fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Oyèníkẹ́ wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Hamburg, ó wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn kọjá odò dé Wilhelmsburg, ó tẹ aago ilẹ̀kùn wọn. Ìyá Akíntáyọ̀ ló ṣí i.

"Ìwọ náà tún dé."

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń kọjá.

"Dìde. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Bàbá Àbáyọ̀mí wà lórí àga, ó gbé orúnkún lé ìrọ̀rí. "Ọmọ mi, jókòó," ó ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀, n kò sì sọ ọ́."

"Èmi náà mọ̀. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi bí Fàúsátù ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ta ló máa gbà á lẹ́nu wa?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbà láti bẹ̀bẹ̀?"

"Ọmọ mi fẹ́ ọ. Mo rò pé ọ̀kan sí i kò lè pa mí."

Oyèníkẹ́ sunkún, ẹkún ìbínú. Akíntáyọ̀ ti jáde láti yàrá, ó dúró ti ògiri.

"Mò ń dúró kí Dádì sọ ọ́ fúnra rẹ̀," Oyèníkẹ́ sọ fún un.

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n dúró, Níkẹ́. Iṣẹ́ ilé wa ni."

"Mi ò dúró mọ́. Mo ti sọ fún un pé n kò ní tẹ ìwé náà mọ́. Bó o bá ní o kò fẹ́ mi mọ́, mo gbà, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n n kò ní tẹ̀ ẹ́."

Ó wò ó títí. "Ta ló ní n kò fẹ́ ọ? Inú ń bí mi ni. Ṣé téèyàn bá ń bínú, kò tún lè nífẹ̀ẹ́ ni?" Ó wá jókòó tì í. "Jẹ́ kí n bínú díẹ̀ sí i, olólùfẹ́ mi. Lẹ́yìn náà, ká lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì Standesamt."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìyá Oyèníkẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀, ó ń rán an lójú ọkọ rẹ̀, kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oṣù méjì gbáko, Alàgbà Adéṣọlá kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú ilé." Kò sẹ́ni tó ń tẹ ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, lọ́sàn-án, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. Ó kó ìwé dání.

"Mo ti yọ orí náà kúrò," ó ní. "Gbogbo orí ọ̀rọ̀ ibodè. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Yíyọ kọ́, Dádì. Ẹ kọ ọ́."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé baba wa sá?"

"Ṣé kò sá ni?"

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó jókòó pẹ́ níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Oyèníkẹ́ kò ràn án lọ́wọ́. Ó kàn ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé ìka lé e, ó ń retí.

"Nígbà tí omi tán lórí òkè," bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, "Olókùúta, baba wa, gba ẹ̀yìn odi lọ. Ó fi àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀." Ó dúró. Oyèníkẹ́ tẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó kó wọn jáde ni Oníbodè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́..."

Ó wo ọmọ rẹ̀. Nínú gbogbo ohùn tó gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà fún ọdún mẹ́fà, kò béèrè orúkọ ọkùnrin náà rí.

"Bá mi pe àna mi," ó ní.

Oyèníkẹ́ pè é. Alàgbà gba fóònù náà, ó dìde dúró kó tó gbé e sétí. "Ẹ káàsán, àna mi. Adéṣọlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ baba yín tó ṣí ibodè?"

Ohùn Bàbá Àbáyọ̀mí jáde, kò yára rárá, kí ọmọbìnrin náà lè rí i kọ dáadáa.

"Dérìnsọ́lá. Dérìnsọ́lá ni wọ́n ń pè é."